Òjìji Tó Bọ́ sí Gúúsù

Ní ilé kéwú Alfa Àbùbákàr, lẹ́yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, ènìyàn lè kàwé títí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò fi funfun, kò ní wé láwàní bí kò bá tíì béèrè ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Àṣà bàbá náà nìyẹn. Níbòmíràn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka ìwé tó yẹ kó kà tán, wọn a pa ẹran, wọn a wé láwàní fún un, ó di alfa, ó parí. Alfa Àbùbákàr ní òun kò gba ìyẹn. Ó ní ẹni tó kàwé tán ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ ni. Kó lọ wá ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ òun fúnra rẹ̀ lọ́kàn, kó fi ọdún kan gbáko wádìí rẹ̀ níbikíbi tí ìdáhùn rẹ̀ bá wà, kó wá dúró níwájú àwọn alfa kó sọ ohun tó rí. Bí ó bá sọ ọ́ tó dúró, wọn yóò wé e.

Mansur ti kàwé tán láti ọdún méjì. Ìbéèrè ni kò rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti fi ìbéèrè lórí bí wọ́n ṣe ń pín ogún tí ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mọ́kànlélógún bá fi sílẹ̀ wé láwàní, láwàní ọ̀hún sì tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí Mansur bá rò, ẹnìkan ti rò ó ṣáájú rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo Òkèlèlè pé ọmọ òun ń bọ̀ wá di alfa. Bí ó bá kọjá lọ́dọ̀ àwọn obìnrin amọ̀kòkò àdúgbò náà, wọn a ní, "Alfa ọ̀la, ọ̀la ọ̀hún dà?"

Iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe nílé kéwú náà. Òun ni ládàánì mọ́sáláṣí agbo ilé. Ojú Alfa Àbùbákàr ti fọ́ láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, láti ìgbà náà sì ni Mansur ti ń bá a wo oòrùn, tó sì ń pe ìrun.

Alásàrí, ìrun ìrọ̀lẹ́, ló gba wàhálà jù nínú ìrun márààrún. Bí oòrùn bá kàntàrí, òjìji ènìyàn a kúrú dé ibi tí kò tún lè kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú òjìji kúkúrú yẹn, kí ẹ fi gígùn ènìyàn kún un. Bí òjìji ìrọ̀lẹ́ bá gùn tó àròpọ̀ méjèèjì, Alásàrí ti wọlé nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni gíga àti ẹni kúkúrú, bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ méje ni gígùn kálukú. Méje kì í yẹ̀. Òjìji ọ̀sán tí à ń fi kún un ló ń yí padà láti oṣù dé oṣù, ìwé kan sì wà nílé Alfa Àbùbákàr tó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: oṣù yìí ẹsẹ̀ kan, oṣù tọ̀hún mẹ́ta, oṣù ọyẹ́ mẹ́wàá. Bàbá náà ti há a sórí kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Mansur a dúró sí gbangba, a wọn òjìji rẹ̀. Bàbá a béèrè láti inú ilé pé, "Ẹsẹ̀ mélòó?" Bí ó bá ti pé iye tí ìwé sọ, bàbá a ní, "Pè é."

Wọ́n ń fi èyí yangàn púpọ̀. Àwọn ládàánì àdúgbò yòókù ń fojú wo oòrùn lásán, tiwọn ń ka ẹsẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn mọ́sáláṣí yòókù a ti kírun Alásàrí tán, wọn a ti máa wọ bàtà, ilé Alfa Àbùbákàr kò ní tíì pè é rárá. Wọn a ní sùúrù ni. Bí ó bá di àárín òjò, tiwọn a ṣáájú ti gbogbo ìlú. Wọn a tún ní ìtara ni. Ènìyàn kì í wá ibi tí ìwé rẹ̀ ti ṣe àṣìṣe bí gbogbo rẹ̀ bá ń dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ní ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ kí iṣu tuntun tó kún ọjà, Mansur lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òkèlèlè. Hàlímọ̀tù ni orúkọ ìyá náà, ìkòkò ló sì ń mọ láti kékeré. Ọ̀sán gangan ni. Ó bá a tó ń ru ìkòkò tútù láti ibì kan dé ibì kan nínú ọgbà, nítorí ìkòkò tí oòrùn bá pa kó tó gbẹ yóò sán ni.

"Dáadáa lo dé," ìyá rẹ̀ wí. "Gbé ìyẹn lọ sí ẹ̀yìn ògiri, lápá ọ̀nà Ọ̀fà lọ́hùn-ún."

Mansur rẹ́rìn-ín. "Ìyá, oòrùn lẹ fẹ́ gbé e sí yẹn. Apá àríwá ni òjìji máa ń wà lọ́sàn-án. Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé wo? Ìwé yẹn ti mọ ìkòkò rí?"

"Ìyá..."

"Gbọ́ mi, ọmọ mi. Ìgbà ọyẹ́ ni òjìji máa ń wà lápá àríwá. Bí àgbàdo bá ti wọlẹ̀ tán, a kọjá sí apá ibí. Bí iṣu tuntun bá kún ọjà, a tún padà. Báyìí ni ìyá ìyá mi ṣe ń ru ìkòkò. Wálláhì, àbí ìlú mìíràn ni mo bí ẹ sí ni?"

Mansur gbé ìkòkò náà dé ẹ̀yìn ògiri. Òjìji wà níbẹ̀ lóòótọ́, tóóró, ó tutù, ó sì wà ní gúúsù. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òjìji tirẹ̀ náà kọjú sí ọ̀nà Ọ̀fà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tẹ òjìji yìí mọ́lẹ̀, kò sì bojú wò ó lọ́sàn-án rí, nítorí ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń wọ̀n ọ́n, ìgbà tí gbogbo òjìji ayé ti nà lọ sí ìlà-oòrùn. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ bà jẹ́ pé òun gọ̀ tó báyìí. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè nínú rẹ̀ tí kò lè pa mọ́ra. Ó ti rí ìbéèrè.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń kàntàrí, Mansur wà lórí òkúta pẹlẹbẹ kan nínú ọgbà ìyá rẹ̀. A bọ́ bàtà, a dúró ṣánṣán, ìyá rẹ̀ a fi èédú sàmì sí ibi tí òjìji orí rẹ̀ bá dé. Wọn a sàmì, wọn a tún sàmì, títí òjìji yóò fi kọ̀ tí kò kúrú mọ́. Èyí tó kúrú jù ni yóò wọ̀n, tí yóò sì kọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, àwọn náà ń bọ́ sórí òkúta láti wọn tiwọn, wọ́n sì ń bára wọn jiyàn lórí ẹsẹ̀ ta ló gùn jù.

Iye nìkan kò tó o. Àwọn oṣù inú ìwé náà kì í ṣe oṣù tí à ń fojú rí ní sánmà, oṣù oòrùn àwọn ará òkèèrè ni, bàbá nìkan ló ń ṣírò wọn, Mansur kò sì mọ èwo ló bá èwo mu nílùú tirẹ̀. Ó bá lọ sí oko lọ́dọ̀ Jímọ́ọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ó ń bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gbin àgbàdo, ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ebè, ọjọ́ tí àwọn Fúlàní ń da màlúù wọn padà wá láti ìsàlẹ̀. Jímọ́ọ̀ ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni èèkàn tí mo rì mọ́lẹ̀ sáàárín oko kì í ní òjìji lọ́sàn-án. Ọ̀kan nígbà àgbàdo, ọ̀kan nígbà iṣu. Ṣé ẹ̀yin alfa ò mọ̀ ni?" Mansur ní àwọn ò mọ̀. Jímọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ebè.

Ó kù kó mọ ìdí tí ìwé náà fi sọ mẹ́wàá nígbà ọyẹ́, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin péré ló ń bá lórí òkúta. Ó tọ Danjuma lọ ní Gàmbàrí, ọkùnrin tó ti ń ru obì lọ sí Kano kí àwọn òyìnbó tó ṣe rélùwéè. Danjuma jẹ obì kan tán kó tó fèsì.

"Òjìji Kano gùn ju ti ibí lọ," ó ní. "Èmi ò wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n a máa ń wá òjìji sinmi, a sì máa ń mọ̀. Àwọn Lárúbáwá tí mo bá pàdé níbẹ̀ sọ fún mi pé nílé tiwọn, lẹ́bàá òkun àríwá, bí òtútù bá dé, òjìji ọ̀sán a gùn ju ènìyàn tó dùbúlẹ̀ lọ. Wọ́n ní kì í sì í kọjá sí apá kejì láéláé."

Mansur padà sílé pẹ̀lú ara tó yá gágá. Ìwé náà kò parọ́. Ìlú ẹni tó kọ ọ́ ló kọ síbẹ̀, ìlú tó jìnnà réré sí Ìlọrin, àwọn tó rù ú wá síbí kò sì rántí pé oòrùn kì í dúró sí ibì kan náà lórí gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òun nìkan ni alfa tó ń kọ́ fíkíhù, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, lọ́dọ̀ amọ̀kòkò, àgbẹ̀ àti olóbì, pé bóyá láwàní tirẹ̀ yóò ní amọ̀ lára. Kò bínú. Kò tíì sí ọdún kan tó dùn mọ́ ọn báyìí rí láyé rẹ̀.

Ó ti mọ̀ pé àwọn ń pẹ́ kírun nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dẹ́rù bà á, nítorí pípẹ́ kò ba ìrun jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí oòrùn kò bá tíì pọ́n. Àárín òjò ọdún tó tẹ̀lé e ló mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Lọ́jọ́ kan tí sánmà là, ó wọn òjìji ọ̀sán, ó bá ẹsẹ̀ méjì ní gúúsù. Ìwé sọ ẹsẹ̀ kan. Ó tún un wọ̀n. Ó ní kí ìyá rẹ̀ bọ́ sórí òkúta, òun náà jẹ́ méjì.

Ó jókòó sórí òkúta náà. Bí ó bá jẹ́ méjì, mẹ́sàn-án ni Alásàrí. Mẹ́jọ ni òun ti ń pè é. Ìrun tí ènìyàn bá kí kí àkókò rẹ̀ tó wọlé, kò kí i rárá ni. Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ ní àárín òjò, gbogbo agbo ilé Alfa Àbùbákàr kì í kí Alásàrí, wọ́n kàn ń forí kanlẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ Mansur sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n láti ọdún méjìlá.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kó dúró níwájú àwọn alfa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró sí gbangba títí òjìji fi pé mẹ́jọ. Bàbá béèrè láti inú ilé, "Ẹsẹ̀ mélòó?"

"Kò tíì pé, Bàbá," Mansur dáhùn. Ó dúró títí ó fi di mẹ́sàn-án, ó ní, "Ó ti pé mẹ́jọ."

"Pè é."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lójoojúmọ́. Ó sì rọrùn, ohun tó dẹ́rù bà á nìyẹn. Ó lè máa pe mẹ́sàn-án ní mẹ́jọ títí ayé. Bàbá ò ríran, kò ní mọ̀. Ìrun yóò máa wọlé lásìkò, kò sẹ́ni tí ojú yóò tì. Yóò sọ ti ọyẹ́ níwájú àwọn alfa, yóò fo ti òjò, wọn yóò yìn ín, wọn yóò wé láwàní fún un. Ó sọ èrò náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló sì lè sọ ọ́ fún.

Hàlímọ̀tù ń dán ìkòkò lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Èyí tẹ́ ẹ bá máa kí lọ́jọ́ iwájú ti dára nìyẹn," ó ní. "Èyí tí bàbá yẹn ti kí sẹ́yìn ńkọ́? Ta ló máa sọ fún un kó tó kú?"

Mansur gbé ìkòkò tó ti dán tán lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Ó fẹ́ láwàní yẹn débi pé ó ń ro ibi tí etí aṣọ rẹ̀ yóò bọ́ sí lójú oorun pàápàá.

Ọjọ́ pé. Àwọn alfa méje jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi inú agbo ilé, àwọn ọmọ kéwú àti ará ilé wà lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin wà lápá kan, Hàlímọ̀tù láàárín wọn. Wọ́n ti ká láwàní funfun sórí àtẹ. Mansur dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ògiri ọgbà, òkúta, èédú, oko Jímọ́ọ̀, ọjà Danjuma. Ó sọ ti ọyẹ́. Àwọn alfa ń mi orí. Ó lè jókòó níbẹ̀.

Ó wo Alfa Àbùbákàr tó fetí sílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ohun tuntun tó ń gbọ́. Ìfẹ́ bàbá náà kún ọkàn rẹ̀ débi tí ó fi ń dùn ún. Ó bá sọ ti òjò náà. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ariwo sọ. Alfa Bẹ̀llò, tó ti ń kírun nínú mọ́sáláṣí náà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ló kọ́kọ́ dìde. "Ilé rélùwéè lo ti rí èyí! Aago òyìnbó lo lọ ń wò!"

"Alfa, n kò mọ aago í wò."

"Ta wá ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ìyá mi, Jímọ́ọ̀ àbúrò wọn, àti Danjuma olóbì."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o!" ni Alfa Bẹ̀llò wí. "Obìnrin amọ̀kòkò ló wá ń kọ́ wa ní fíkíhù báyìí. O ń pe bàbá tó tọ́ ẹ ní ẹni tí kò kírun!"

Alfa Àbùbákàr gbé ọwọ́ sókè, ilé sì dákẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Oòrùn dà?"

"Ó ti kàntàrí, Bàbá," Mansur dáhùn.

"Mú mi lọ sídìí ògiri mọ́sáláṣí. Apá àríwá, níbi tí ìwé mi ní òjìji wà."

Mansur fà á lọ́wọ́. Bàbá lóṣòó, ó na ọwọ́ sílẹ̀ sídìí ògiri. Ilẹ̀ gbóná débi tí ó fi fa ọwọ́ yọ. Ó tún fi í síbẹ̀, ó fi í wá ilẹ̀ tútù kiri lọ sókè lọ sódò, kò rí i. Ó dìde, ó ní kí wọ́n mú òun yí lọ sí ẹ̀yìn. Níbẹ̀, lápá ọ̀nà Ọ̀fà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Ó fi ọwọ́ tọ òjìji náà títí ó fi kan ibi tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, ìka rẹ̀ ní oòrùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní òjìji.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ó béèrè.

"Ọjọ́ mẹ́wàá, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ mélòó lo ń pè é láti ọjọ́ mẹ́wàá?"

"Mẹ́sàn-án."

"O sọ fún mi pé mẹ́jọ ni."

"Mo parọ́ fún yín. Ẹ forí jì mí."

"Ìyẹn nìkan ló yẹ kó tì ẹ́ lójú." Bàbá dìde, ó ń gbọn ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ìwé yẹn pe ìrun. Àádọ́ta lọ́dún, o ní?"

"Ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́ta ni, Bàbá," Mansur wí.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni bàbá. "Alfa Bẹ̀llò," ó ní, "ẹ bá mi wé láwàní fún un. Ó ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Èmi ní gbèsè ìrun í san." Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun, ó ṣe àlùwàlá, ó kọjú síbi tó yẹ.

Alfa Bẹ̀llò kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́. Ó gbé láwàní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e lé Mansur lórí. Kò tíì dé ìdajì nígbà tí Mansur dìde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn. Ó bomi ṣe àlùwàlá, ó wá dúró lẹ́yìn bàbá.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Tìrẹ jẹ́ mélòó?"

"Ẹgbẹ̀ta."

"Ó kéré sí tèmi. Bọ́ síhìn-ín, lọ́tùn-ún mi." Bàbá fi ọwọ́ wá èjìká rẹ̀, ó fà á bọ́ sí ìlà. "N kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí mi á tó o. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe sálámà tó parí ìrun kejì, ìlà mẹ́ta ló ti wà lẹ́yìn wọn, Alfa Bẹ̀llò sì wà nínú ìlà kìíní.